Ihò Ṣáláńgá Inú Odi: Ohun tí Ogun Ilé Olódi Àtijọ́ Là Yé Wa Nípa Ààbò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọba Richard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́kàn Kìnnìún, kò ro ti owó nígbà tó ń kọ́ ilé olódi Château Gaillard. Orí àpáta gàgàrà kan létí odò Seine ní Normandy ló kọ́ ọ sí, láàárín ọdún 1196 sí 1198. Ó ná nǹkan bí £12,000 sí i, owó tó ju gbogbo ohun tó ná sórí àwọn ilé olódi rẹ̀ ní England jálẹ̀ ìjọba rẹ̀. Àgbàlá mẹ́ta ni ilé náà ní, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní odi tirẹ̀, yàrà jíjìn sì wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. Ọ̀tá tó bá gba àgbàlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ogun ni.

Richard kú lọ́dún 1199, John àbúrò rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Ní 1203, Ọba Philip ti ilẹ̀ Faransé kó ogun wá dó ti ilé náà. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọ abẹ́ ilé ìṣọ́ tó wà níwájú títí ó fi wó, wọ́n sì gba àgbàlá àkọ́kọ́. Òógùn àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe gba èkejì. John ti kọ́ ilé kan mọ́ odi àgbàlá yìí nígbà tirẹ̀, ilé tó ní yàrá àdúrà àti ṣáláńgá. Ilé náà kò sí nínú ètò tí Richard fi lélẹ̀. Ọmọ ogun Faransé kan tó ń yọ́ yí odi ká rí i pé ènìyàn lè gba ara ilé yìí wọlé. Àwọn kan ní ihò tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà bọ́ síta ni, àwọn mìíràn ní fèrèsé yàrá àdúrà ni. Èyí ó wù ó jẹ́, ara ilé kan náà ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ fa ara wọn gòkè, ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ sílẹ̀, iná sọ, àwọn tó ń ṣọ́ ilé sì sá wọ àgbàlá kẹta. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1204, wọ́n túúbá.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi: “Password mi gùn, ó le, mo fi nọ́ńbà àti àmì sí i. Kí ló tún kù tí ẹ fi ń dẹ́rù bà wá?” Odi gíga ni password tó le. Ó dára, ẹ má wó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé olódi tó lókìkí jù lọ ni kò ṣubú nítorí pé odi wọn rọ̀. Ibi tí àwọn ará ilé fúnra wọn là sílẹ̀, kí ayé lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ni ọ̀tá gbà wọlé. Ènìyàn ò lè gbé inú òkúta láìṣe ìgbọ̀nsẹ̀, láìgbàdúrà, láìra koríko fún ẹṣin, láìpe gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọ̀nà tí gbogbo ìyẹn ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde, ni ọ̀tá tó gbọ́n máa ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù tó wà lọ́wọ́ yín àti kọ̀ǹpútà tó wà níbi iṣẹ́ yín ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ odi kò sì ṣàjèjì sí wa. Ìlú Yorùbá mọ odi, ó mọ yàrà, ó mọ oníbodè. Erédò Sùngbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Nítorí náà àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lò nísàlẹ̀ yìí ti wà nílé tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi oníbodè bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n ń pè ní firewall, orúkọ tó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Gbogbo ohun tó ń wọ kọ̀ǹpútà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wá ní ìdì kéékèèké. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ibi tó ti ń bọ̀ àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó ń lọ. Firewall mú ìwé òfin dání: ẹnu ọ̀nà yìí ṣí fún gbogbo ayé, èyí ṣí fún òṣìṣẹ́ nìkan, èyí kò gbọdọ̀ ṣí láéláé. Iṣẹ́ oníbodè náà nìyẹn. Ó ń wo aṣọ, ó ń béèrè ibi tí àlejò ti ń bọ̀, kò sì rí inú ọkàn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wọ aṣọ tó yẹ, tó gba ẹnu ọ̀nà tó yẹ, yóò kọjá.

Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Conwy, ní ilẹ̀ Wales. Ọba Edward Kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi ibẹ̀ ní 1283. Ilé ìṣọ́ ńlá mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, owó tó sì bá ilé náà àti odi ìlú rẹ̀ lọ tó nǹkan bí £15,000. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún 1401, àwọn jagunjagun 15 àti tafàtafà 60 tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ ti lọ sí ìsìn nínú ìlú, àfi àwọn márùn-ún. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan dé ẹnu ọ̀nà, ó ní iṣẹ́ tí òun máa ń wá ṣe ni òun bá wá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n pa aṣọ́nà méjì, Rhys àti Gwilym ap Tudur, àwọn ìbátan Owain Glyndŵr tó ń bá ọba England jà, sì kó nǹkan bí ogójì ọkùnrin wọlé. Gbogbo £15,000 yẹn, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ló ṣí i.

Ohun méjì ló wà nínú ọgbọ́n wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni èkíní, ìyẹn ẹni tí kì í ṣe ará ilé ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e wọlé. Ní ìparí ọdún 2013, àwọn olè kó nọ́ńbà káàdì báǹkì tó tó mílíọ̀nù 40 lọ́dọ̀ Target, iléeṣẹ́ ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà. Wọn ò kọjú ìjà sí Target ní tààrà. Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ amúlétutù fún Target ni wọ́n jí password rẹ̀, wọ́n fi wọlé, wọ́n sì ń rìn nínú ilé títí wọ́n fi dé ibi ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà ń fi káàdì sí. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe amúlétutù kò ní ohunkóhun í ṣe nídìí àpótí owó, ṣùgbọ́n kò sí ògiri tó dá a dúró.

Ọjọ́ tí wọ́n yàn ni èkejì. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè tó ti ń gbé inú kọ̀ǹpútà báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Bangladesh láìsí ẹni tó mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣẹ ìsanwó ayédèrú ránṣẹ́ sí New York, níbi tí owó orílẹ̀-èdè náà wà. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni wọ́n fi ń sinmi ní Bangladesh. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, New York ló kàn tó wà nínú ìsinmi. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Philippines tí owó ń lọ ti ti báǹkì pa nítorí ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà. Ẹ̀rọ tó máa ń tẹ àkọsílẹ̀ ìsanwó jáde pàápàá dákẹ́, wọ́n sì rò pé ó kàn bàjẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe máa ń bàjẹ́ ni. Dọ́là mílíọ̀nù 81 ló lọ báyẹn. Àṣẹ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lápapọ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ọjà lórí fóònù, ta ló ń wo alert ní ọjọ́ Iléyá? Ta ló ń wò ó láàárọ̀ Kérésìmesì?

Lẹ́tà kan tó gba ilé olódi

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, ti Krak des Chevaliers ni mo máa ń sọ jù, torí pé òun ló jọ ti ayé wa jù. Orí òkè kan ní ilẹ̀ Síríà ni ilé náà wà. Àwọn ajagun ẹlẹ́sìn Kírísítì tí wọ́n ń pè ní Hospitaller ló ni ín. Ní 1188, Saladin, ẹni tó gba Jerúsálẹ́mù, kó ogun dé ibẹ̀, ó wo odi náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1271, Baybars, sultan ilẹ̀ Íjíbítì, dó tì í. Ó ráyè já odi ìta, àmọ́ odi inú tó bá níwájú tún le ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́tà dé ọwọ́ àwọn tó wà nínú ilé. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ní Tripoli ló ti wá, ó sì ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ilé náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, Baybars sì jẹ́ kí wọ́n lọ lálàáfíà. Ayédèrú ni lẹ́tà náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́? Ó wá ní orúkọ ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó bá wọn nígbà tí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ohun tí ọkàn wọn ti ń fẹ́ ló sọ fún wọn. Ọ̀tá sì ti yí wọn ká, wọn ò rí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá náà bóyá òun ló kọ ọ́. Gbogbo ìtànjẹ orí ímeèlì àti fóònù tí wọ́n ń pè ní phishing, nǹkan mẹ́rin yìí ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń ta aṣọ gba irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó pè é fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé báǹkì ni òun ti ń pè, pé BVN wọn ní ìṣòro, wọn yóò ti àkáǹtì náà pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó mọ orúkọ wọn ní kíkún. Ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù fún òun kí òun lè bá wọn dáàbò bò ó. Wọ́n kà á. Owó tí wọ́n fẹ́ fi lọ ra ọjà fò lọ lójú wọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn jagunjagun tí Saladin ò lè kojú ṣubú sínú irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà mẹ́fà náà dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ń lò ó láì mọ ohun tó jẹ́. Àwọn ilé olódi tó dára kì í ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn irin kan tó ń já bọ́ láti òkè, ẹ ó wà nínú ọ̀nà tóóró kan, ilẹ̀kùn irin mìíràn ó tún wà níwájú. Ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n á já ti ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, á há sáàárín méjèèjì, àwọn tó wà lókè á máa gba ihò ta á lọ́fà. Password ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. OTP, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ni èkejì. Olè tó ń pè yín ti gba àkọ́kọ́ kọjá, ó ti há sínú ọ̀nà tóóró, kò lè lọ síwájú. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbé ilẹ̀kùn kejì sókè fún un. Báǹkì tó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ kò nílò kí ẹ kà á fún un padà, òun ló ṣe é.

Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ pa fóònù náà. Ẹ fúnra yín tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, kì í ṣe èyí tí ó pè yín. Ohun tí àwọn ará Krak kò rí ṣe nìyẹn: ọ̀nà kejì láti béèrè. Ẹni tó bá sì lè ṣe é, kí ó lo áàpù tó ń pèsè nọ́ńbà náà nínú fóònù dípò èyí tó ń gba SMS wá, nítorí olè lè lọ fi irọ́ gba síìmù tuntun lórí nọ́ńbà yín, SMS á sì máa wọlé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nípa ti ẹni inú ilé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé, Yorùbá ti parí ọ̀rọ̀ náà. Áńtíókù, tó wà nílẹ̀ Tọ́kì lónìí, dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lójú ogun àwọn Kírísítẹ́nì láti Yúróòpù. Ní òru kan ní oṣù Kẹfà ọdún 1098, Firouz, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìṣọ́ ibẹ̀, bá Bohemond, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Kírísítẹ́nì náà, dìmọ̀ pọ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn Bohemond fi àkàbà gun odi wọlé. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í fi í fún òṣìṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ju ti yàrá tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lọ.

Ti Edinburgh ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Orí àpáta dúdú kan tó dúró ṣánṣán ni ilé olódi ibẹ̀ wà. Ní 1314 àwọn ará England ló wà nínú rẹ̀, àwọn ará Scotland sì fẹ́ gbà á padà. William Francis wà lára àwọn ọmọ ogun tí Thomas Randolph kó jọ. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ti gbé inú ilé náà rí, ó sì ní olólùfẹ́ kan nísàlẹ̀ nínú ìlú. Lálaalẹ́ ló máa ń gba ọ̀nà kan tó mọ̀ lára àpáta sọ̀ kalẹ̀ lọ rí i, á sì gba ibẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún ti gorí ọdún, kò sí ẹni tó dí ọ̀nà náà. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ó ṣáájú ọgbọ̀n ọkùnrin gba ibẹ̀ gòkè nínú òkùnkùn, wọ́n sì gba ilé náà.

Ní ọdún 2021, Colonial Pipeline, iléeṣẹ́ tó ń fi páìpù gbé epo lọ sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì kan wà tí òṣìṣẹ́ fi ń wọ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà láti òkèèrè. Kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò pa á. Password rẹ̀ wà láàárín àwọn password tí olè ti jí tẹ́lẹ̀, kò sì ní ilẹ̀kùn kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé ní ìparí oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, àwọn olè ti fáìlì iléeṣẹ́ náà pa, wọ́n ní kí ó sanwó kí àwọn tó ṣí i. Iléeṣẹ́ náà pa páìpù rẹ̀, ọkọ̀ tò sílé epo ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n sì san bitcoin 75, tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 4.4, fún àwọn olè náà. Ìjọba Amẹ́ríkà gba èyí tó pọ̀ jù nínú bitcoin náà padà nígbà tó yá.

Nítorí náà, ẹ wò ó kí oorun tó gbé yín lálẹ́ òní. Lórí WhatsApp, ẹ wo “Linked devices”. Lórí Google àti Facebook, ẹ wo àkójọ ẹ̀rọ tó ṣì ń wọlé lórúkọ yín. Ẹ ó rí fóònù tí ẹ ti tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ó rí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé tí ẹ lọ tẹ ìwé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà William Francis ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ní ilé iṣẹ́, ẹ wo ti ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ti update kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà tàbí áàpù rí ibi tí ògiri ti lanu, ó fi bíríkìlà ránṣẹ́ wá dí i. Ẹni tó bá ń tẹ “ó dìgbà míì” ń lé bíríkìlà padà ni. Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ojú ihò yẹn gan-an wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tó ju 150 lọ, ó ti àwọn fáìlì pa. Ní ilé ìwòsàn ìjọba ní England, wọ́n ní láti fagi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà. Bíríkìlà ti wà lẹ́nu ọ̀nà fún oṣù méjì.

Bí odi bá wó, kí ló kù?

Ibi yìí ni mo rò pé àwọn tó kọ́ ilé olódi fi ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Wọ́n kọ́ ilé wọn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọ̀tá lè wọlé.

Ní 1215, Ọba John kan náà tó kọ́ ṣáláńgá sí ara odi ní Normandy dó ti ilé olódi Rochester ní England, níbi tí àwọn ìjòyè tó ṣọ̀tẹ̀ sí i wà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ wọ abẹ́ igun kan ilé gogoro náà, wọ́n fi igi gbé e dúró. Ó wá kọ̀wé pé kí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ 40 tó sanra ránṣẹ́ sí òun, irú èyí tí kò dára fún jíjẹ, láti fi dáná sábẹ́ ilé. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ jó, igi jó, igun náà wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun kò parí. Ògiri nípọn kan dá inú ilé náà sí méjì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kàn sún sẹ́yìn ògiri yìí, wọ́n sì ń jà lọ. Ebi ló lé wọn jáde. Wọ́n ti ń jẹ ẹṣin wọn kí wọ́n tó túúbá ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá.

Ògiri inú yẹn ni Target kò ní. Nínú ilé iṣẹ́, òun ló ń mú kí ẹ̀rọ tí àlejò fi ń lo Wi-Fi wà lọ́tọ̀ sí ẹ̀rọ tí ìwé owó wà nínú rẹ̀. Fún ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ohun kékeré báyìí: kí password ímeèlì yín má jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ibòmíràn rárá, torí ímeèlì ni gbogbo àwọn yòókù ń fi link àtúnṣe password ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá gbà á ti gba ilé.

Oúnjẹ inú àká ńkọ́? Ẹ̀dà iṣẹ́ yín tí ẹ fi pamọ́ níbòmíràn nìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya jáde. Inú update áàpù ìṣírò owó kan ní Ukraine ló fara pamọ́ sí, bí àwọn ọmọ ogun Scotland ṣe fara pamọ́ sábẹ́ koríko nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọ ilé olódi Linlithgow ní 1313. Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ńlá ti ilẹ̀ Denmark, wà lára àwọn tó bá. Láàárín wákàtí díẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn káàkiri ayé kú. Àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn yòókù lóhùn, tó mọ orúkọ àti ẹ̀tọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tó nǹkan bí 150, olúkúlùkù sì ń ṣe ẹ̀dà fún ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n rò pé ìyẹn ti tó. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn so pọ̀, gbogbo wọn sì kú pọ̀.

Àfi ẹyọ kan. Ní Ghana, iná mànàmáná ti lọ ṣáájú kí kòkòrò náà tó dé, sáfà ibẹ̀ sì wà ní pípa. Ohun tí à ń bú lójoojúmọ́ ló gba iléeṣẹ́ náà là. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò yára tó láti fi ohun tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí England, àwọn òṣìṣẹ́ Ghana kò sì ní físà. Ọ̀kan nínú wọn bá gbé e wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fi lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìyẹn ló gbé e dé London. Láti ara ẹyọ yẹn ni wọ́n ti tún iléeṣẹ́ náà kọ́, kọ̀ǹpútà 45,000 láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ̀dà tí ẹ bá fi pamọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí okùn kankan kò so ó mọ́ ẹ̀rọ yín: dírááfù tí ẹ yọ, tí ẹ tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àmọ́ ó ní ibi tí àfiwé ilé olódi dé tó gbọ́dọ̀ dúró. Ogun Philip pa àgọ́ sójú ìta, gbogbo ayé rí i. Ọmọ ogun rẹ̀ ń jẹun, òtútù ń mú wọn, owó rẹ̀ ń tán lọ. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè wà nínú yàrá rẹ̀ kó máa ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ilé wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè kó ìṣúra yín lọ kí ìṣúra náà ṣì wà níbi tó wà, torí ẹ̀dà ló gbé. Lékè gbogbo rẹ̀, àwọn ará ilé kò sí nínú odi mọ́. Òṣìṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ láti ilé, láti inú ọkọ̀, ìwé iṣẹ́ wà lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ “zero trust” báyìí, èrò tí John Kindervag gbé jáde ní 2010. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí á má ṣe gbà pé ẹni tó wà nínú odi ti di ará ilé. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní oníbodè tirẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ oníkálukú, nígbà gbogbo.

Ní Dover, ní ọdún 1216, Louis, ọmọ Philip, gbẹ́ ilẹ̀ wọ abẹ́ ẹnubodè àríwá ilé olódi ibẹ̀, ó sì wó ọ̀kan nínú ilé ìṣọ́ méjèèjì. Hubert de Burgh àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ìtì igi dí ojú ibẹ̀, wọ́n jà títí wọ́n fi lé e. Lẹ́yìn ogun, wọn ò tún ẹnubodè náà kọ́ bó ṣe wà. Wọ́n dí i pa, wọ́n sì la tuntun sí apá ibòmíràn, níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ọ̀tá ò ní ráyè dúró. Ẹni tó bá lọ sí Dover lónìí ṣì lè rí ẹnubodè àríwá náà, òkúta ló kún ojú rẹ̀.